Ǹjẹ́ Orlando Martins Mọ Eré Ṣe Ní Tòótọ́?

Nínú gbogbo àríyànjiyàn tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ ilé-ìwé bá parí, ó ṣòro kí a rí èyí tí ó gùn tó èyí tí wọ́n ń ṣe lórí àwọn òṣèré. Èyí yóò ní lágbájá kò ní ẹlẹgbẹ́. Ọ̀hún yóò ní lámọ́rín kò mọ nǹkan kan, pé ẹwà rẹ̀ nìkan ni ó ń tà. Mo ti jókòó ti irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó ń ti Igbókòdá lọ sí etí òkun, kí a sì tó gúnlẹ̀, ariwo àwọn ọmọ náà ti bo ariwo ẹ̀rọ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ohun kan ni mo ṣàkíyèsí: kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó sọ ohun tí òṣèré náà ṣe gan-an. Òkìkí ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kò wọn iṣẹ́.

Irú ìjà yìí wà ní Hollywood pẹ̀lú, tí í ṣe ibùjókòó àwọn aṣesinimá ní Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń bèèrè bóyá John Wayne mọ eré ṣe, tàbí ó kàn ń gbé ìbọn rìn káàkiri nínú fíìmù kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rìn ní àgbàlá ara rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 1970, síbẹ̀ àríyànjiyàn náà kò tán. Èmi kò ní dá sí ẹjọ́ ti John Wayne; ó ní àwọn agbèjà tí ó pọ̀ tó. Ẹni tí mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀ wò ni ọmọ Èkó kan tí ó bá àwọn gbajúmọ̀ Hollywood ṣeré nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba yín kò tí ì dáyé, tí orúkọ rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé láàrin wa. Orúkọ rẹ̀ ni Orlando Martins.

Ẹ̀sùn méjì ni ènìyàn lè fi kàn án. Èkíní ni pé kò mọ eré ṣe, pé gíga rẹ̀ àti dúdú ara rẹ̀ nìkan ni ó fi wọ sinimá. Èkejì ni pé ó ta gíga àti dúdú náà fún àwọn tí ń fi ìran wa ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí ń fi ìkánjú dájọ́ a máa da ẹ̀sùn méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí ó da iyọ̀ pọ̀ mọ́ yanrìn, lẹ́yìn náà wọn a ní ọbẹ̀ kò dùn. Ẹ jẹ́ kí á yà wọ́n sọ́tọ̀.

A bí Orlando Martins ní ìlú Èkó ní ọdún 1899. Ìdílé rẹ̀ tan mọ́ àwọn tí ó ti Bràsíìlì padà wá sílé, àwọn tí a ń pè ní Àgùdà. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ní ọdún 1919 ó sì tẹ̀dó sí Lọ́ńdọ̀nù láìní iṣẹ́ gidi kan lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ yóò fẹ́ gbọ́ èyí: ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ó ṣe níbẹ̀ ni iṣẹ́ alábàárù ní Billingsgate, ọjà ẹja ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn alábàárù ọjà náà a máa dé fìlà awọ líle tí òkè rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, wọn a sì gbé àpótí ẹja lé e, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá yín ti ń fi òṣùká ru agbọ̀n ẹja gòkè láti èbúté. Martins ja ìjàkadì fún owó lábẹ́ orúkọ ìnagijẹ kan tí kò dùn ún gbọ́. Ó bá ẹgbẹ́ alárìnká tí ń fi ẹranko dá àwọn ènìyàn lára yá rìn, ó sì ń fi ejò ṣeré lójú agbo. Ó dúró lẹ́yìn àwọn oníjó Rọ́ṣíà lórí ìtàgé láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí sinimá kò tí ì máa fọhùn rárá ni ó ti ń fara hàn nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú ogunlọ́gọ̀ tí kò sí ẹni tí ó bèèrè orúkọ wọn.

Ẹ wo àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe agbára ara ni a fi ń ṣe é. Ọkùnrin náà ga, èjìká rẹ̀ gbòòrò, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ bí ohùn ìyáàlù. Àwọn aṣesinimá rí ara yìí, wọ́n sì yá a lò. Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn kìíní ti ta gbòǹgbò.

Ní ọdún 1935 ni Sanders of the River jáde, eré tí Zoltan Korda darí. Paul Robeson, akọrin ńlá nì tí í ṣe adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe olóyè Bosambo nínú rẹ̀. Martins ní ipa kékeré kan. Nàìjíríà ni wọ́n ní ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní etí odò, láàrin àwọn atukọ̀ tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan ń ṣe àkóso wọn bí ọmọ ọwọ́. Lóòótọ́ ni wọ́n ya àwòrán díẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n abúlé tí àwọn òṣèré náà ti ṣeré jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ sí Shepperton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn adúláwọ̀ tí ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ni wọ́n kó wá ṣe ará abúlé. Jomo Kenyatta, tí ó wá di ààrẹ Kenya lẹ́yìn náà, wà nínú wọn. Ọmọ Ìlàjẹ tí ó ti ń di àjẹ̀ mú láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún yóò rí ohun tí yóò pa á lẹ́rìn-ín nínú eré náà, lẹ́yìn ẹ̀rín náà inú yóò bí i. Ní ọdún 1957, nígbà tí Martins ti di ẹni tí a mọ̀, ó tún ṣe olóyè nínú eré Tarzan kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fi irú eré wọ̀nyí dá a lẹ́jọ́ pé kò mọ eré ṣe, èmi kò ní bá a jiyàn, nítorí kò sí eré kankan níbẹ̀ láti ṣe. Wọ́n a wọ̀ ọ́ láṣọ ẹhànnà, wọn a ní kí ó ranjú, ó parí. A kì í fi kànga gbígbẹ mọ bí ẹni tí ń pọnmi ti lágbára tó.

Kí ni a ó wá fi mọ̀ ọ́n? Mo rò pé àwọn baba wa ní etí omi ti ní òṣùwọ̀n rẹ̀ kí sinimá tó dé. Nígbà tí Umalẹ̀ bá jáde, tí í ṣe eégún omi, kò sí ojú ènìyàn tí a lè wò, kò sì sí ẹwà tí yóò fi tàn wá jẹ. Síbẹ̀, àwọn àgbà tí ó dúró wòran mọ èyí tí ó ń jó yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn ń fò sókè. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wò, pàápàá bí ẹsẹ̀ náà ti ń ṣe nígbà tí ìlù bá yí padà lójijì. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé: ǹjẹ́ ó ń gbọ́ ìlù? Ìbéèrè yìí tọ́ sí òṣèré gbogbo. Ẹnikẹ́ni tí orí rẹ̀ pé lè kọ́ ọ̀rọ̀ sórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ eré ṣe ni ẹni tí a rí i pé ó ń gbọ́ ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ, tí ọ̀rọ̀ náà wọ inú rẹ̀ lọ kí ó tó dáhùn, àní bí wọn kò tilẹ̀ kọ ìdáhùn kankan fún un. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí á gbé òṣùwọ̀n yìí lọ sí ọ̀dọ̀ The Hasty Heart, eré tí Vincent Sherman ti Hollywood wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti darí, tí ó sì jáde ní ọdún 1949. John Patrick ni ó kọ ọ́ fún orí ìtàgé, Martins sì ti ṣe ipa kan náà lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó ya fíìmù rẹ̀. Bọ́mà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti jagun, ní àsìkò tí ogun ń kásẹ̀ nílẹ̀. Nínú wọ́ọ̀dù kan ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun, àwọn ọkùnrin márùn-ún ń gba ìtọ́jú: ọmọ Amẹ́ríkà, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Ọsirélíà, ọmọ New Zealand, àti ọmọ ogun adúláwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Blossom. Wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin ará Skọ́tíláńdì kan wá bá wọn, Lachie ni orúkọ rẹ̀. Ọgbẹ́ ara rẹ̀ ti jinná lójú, ṣùgbọ́n kíndìnrín kan ṣoṣo tí ó kù fún un kò dára, kò sì lè gbé e ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Òun kò mọ̀. Dókítà àgbà sọ fún àwọn yòókù, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá a ṣọ̀rẹ́.

Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni ó bẹ̀ wọ́n. Lachie korò bí ewúro. Kò fẹ́ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó má bàa jẹ gbèsè oore. Síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń rọ̀, títí ó fi gbà pé òun ní ọ̀rẹ́ láyé. Nígbà náà ni wọ́n sọ fún un pé yóò kú. Lójú kan náà ni ó rò pé gbogbo oore tí wọ́n ti ń ṣe fún òun kò ju àánú lọ, pé òkú ni wọ́n ń kẹ́. Ìbínú rẹ̀ ru sókè, ó sì ń palẹ̀ mọ́ láti fi gbogbo wọn sílẹ̀. Ní àkókò yìí ni Blossom fún un ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan. Lachie kọ̀ ọ́.

Wàyí o, Blossom kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde nínú eré náà, ọmọdé lè fi ìka ọwọ́ kà á. Èyí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi là á yé Lachie: gbogbo àwọn yòókù ni ó mọ̀ pé yóò kú, ṣùgbọ́n Blossom kò lè mọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un ní èdè tí yóò gbọ́. Nítorí náà, kì í ṣe àánú ni ó mú un fún un ní ìlẹ̀kẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Níhìn-ín ni gbogbo ìdè eré náà ti tú.

Ẹ ronú sí ohun tí èyí béèrè lọ́wọ́ òṣèré. Gbogbo eré náà rọ̀ mọ́ ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ. Bí a bá ṣiyèméjì sí Blossom ní ìṣẹ́jú kan péré, Lachie di òmùgọ̀, àwọn yòókù di onírọ́, ẹkún àwọn òǹwòran sì di ẹkún òfo. Bí Martins bá rẹ́rìn-ín jù, ó di aláwàdà. Bí ó bá tẹrí ba jù, ó di ìránṣẹ́ tí ń wá ojú rere ọ̀gá. Bí ó bá gbé ojú sókè bí ẹni mímọ́ inú àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì, a ó mọ̀ pé òǹkọ̀wé ni ó ń wàásù. Kò ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí. Ó fún ọkùnrin náà ní ìlẹ̀kẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan. Bí wọ́n ti kọ̀ ọ́ sì dùn wá, nítorí a ti rí i lára rẹ̀ pé ó mọ iyì ohun tí ó mú wá. Ní gbogbo àwọn ìran tí ó ṣáájú, nígbà tí àwọn funfun ń pa àwàdà tí wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn, a rí ọkùnrin tí ń fetí sí ohùn tí kò yé e, tí ó sì ń fi ohùn náà mọ ìwà ẹni tí ó ni ín. Ara ńlá tí wọ́n yá lò fún ìjàkadì àti ejò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe lọ́jọ́ náà.

Èmi kò sọ pé ipa náà kò ní àbùkù. Èé ṣe tí ó fi jẹ́ pé adúláwọ̀ nìkan ni kò ní èdè? Àwọn ọmọ wa tí ó lọ sí Bọ́mà sọ̀rọ̀, wọ́n jiyàn, wọ́n sì padà wá sílé láti bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Òǹkọ̀wé náà fẹ́ ọkàn tí kò lábàwọ́n, kò sì rí ibòmíràn tí ó lè gbé e sí ju inú ẹni tí kò lè fèsì. Àbùkù òǹkọ̀wé nìyẹn. Richard Todd, tí ó ṣe Lachie, ni wọ́n dárúkọ fún ẹ̀bùn Oscar, mo sì gbà pé ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Todd ní ojú ewé lórí ojú ewé tí ó kún fún ọ̀rọ̀, nígbà tí Martins kò ní ju ọwọ́ àti ojú rẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni ó mọ̀, ẹ padà sí ọdún 1946, sí Men of Two Worlds tí Thorold Dickinson darí. Robert Adams, ọmọ Guyana, ni ó ṣe Kisenga, olórin tí ó ti Yúróòpù padà sí Tanganyika láti ran ìjọba lọ́wọ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè kúrò ní ilẹ̀ tí eṣinṣin ti ń fi àrùn oorun pa wọ́n. Martins ṣe Magole, adáhunṣe tí ó ta kò ó. Àwọn tí ó kọ eré náà fẹ́ kí a kórìíra Magole. Wọ́n fi òkùnkùn yí i ká, wọ́n sì fi ọgbọ́n yí Kisenga ká. Ṣùgbọ́n nígbà tí Martins bá yọ, tí ó fi ohùn rẹ̀ tí ó rinlẹ̀ sọ̀rọ̀, ìwọ̀n eré náà a yí padà. Ẹ̀yin tí òkun ti gba ilé bàbá yín ní Ayétòrò yóò tètè lóye rẹ̀ ju àwọn tí ó ya fíìmù náà lọ. Ẹni tí a ní kí ó kó kúrò lórí ilẹ̀ tí a sin àwọn baba rẹ̀ sí kì í ṣe òmùgọ̀ nítorí pé ó kọ́kọ́ kọ̀. Martins kò gbèjà ìwà búburú Magole. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí a rí i pé ọkùnrin náà ní nǹkan tí ó ń bẹ̀rù àtipàdánù. Lójú tèmi, ẹni tí ó lè fi ọ̀wọ̀ bo ipa tí wọ́n hun láti tẹ́ ẹ mọ eré ṣe.

Ẹ̀sùn kejì ni ó ṣòro jù. Ṣé ó yẹ kí ó gba irú àwọn ipa bẹ́ẹ̀ rárá? Robeson, tí wọ́n jọ ṣe Sanders of the River, bẹnu àtẹ́ lu eré náà lẹ́yìn náà, ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba. Bẹ́ẹ̀ ni Martins náà kò ṣàì tọ́ ohun tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ wò: ní ọdún 1936, òun àti Robeson yìí kan náà jọ wà lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù nínú Toussaint Louverture, eré tí C. L. R. James kọ nípa àwọn ẹrú Haiti tí ó fi ọwọ́ ara wọn gba òmìnira. Ṣùgbọ́n Robeson kàwé òfin ní yunifásítì, ohùn orin rẹ̀ sì ń bọ́ ọ ní ibi gbogbo tí ó bá gúnlẹ̀ sí. Ó lè kọ̀. Bí Martins bá kọ̀, ọjà ẹja ń dúró dè é. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ebi kì í ṣe àwíjàre tán. Ẹni tí ó ṣe olóyè nínú eré Tarzan ní ọdún 1957, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà ku ọdún mẹ́ta péré, mọ irú ọjà tí ó ń bá wọn ná. Bí ẹnì kan nínú yín bá dá a lẹ́bi lórí èyí, n kò ní pa á lẹ́nu mọ́. Mo kàn ń sọ pé ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Ọ̀bẹ tí a fi gé igi burúkú kò torí bẹ́ẹ̀ di ọ̀bẹ tí kò mú.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀sùn méjèèjì. Ní ojú omi wa níhìn-ín, ẹni tí ó bá àwọn ẹlòmíràn fa àwọ̀n a máa gba ìpín tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń sọ ibi tí a ó da àwọ̀n sí. Martins bá àwọn ẹlòmíràn fa àwọ̀n ní nǹkan bí ogójì ọdún. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn kan náà, Hubert Ogunde ń kọ́ ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Òun ni ó ni ọkọ̀, òun ni ó ni àwọ̀n, òun ni ó ń kọ eré tí ó sì ń yan ipa fún ara rẹ̀. Nítorí náà, a mọ ibi tí agbára Ogunde dé àti ibi tí ó mọ. Ti Martins, a kò mọ̀ ọ́n láéláé. Nígbà tí ó padà sí Èkó, tí àwọn ìtàn tiwa sì bẹ̀rẹ̀ sí di sinimá, ó wà nínú Kongi’s Harvest tí Ossie Davis darí ní ọdún 1970 láti inú eré Wole Soyinka, ó sì wà nínú èyí tí wọ́n fi ìwé Chinua Achebe ṣe ní kété lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ipa ńlá tí ó yẹ kí wọ́n ti fún un nígbà tí ó wà ní ẹni ogójì ọdún, kò sí ẹni tí ó kọ ọ́.

Bí ó bá ṣeé ṣe fún yín láti rí The Hasty Heart, ẹ jókòó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kìíní, ẹ tẹ̀lé ìtàn náà. Ní ìgbà kejì, ẹ fi àwọn tí ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì máa wo ẹni tí ń gbọ́. Ronald Reagan ni ó ṣe ọmọ Amẹ́ríkà inú wọ́ọ̀dù náà. Ẹnu rẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Nígbà tí Orlando Martins kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, Reagan ni ó wà lórí àga ààrẹ ní Amẹ́ríkà. Mo ti wo ìran ìlẹ̀kẹ̀ náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, n kò sì rántí ohun tí Reagan ń ṣe nínú rẹ̀.